Iye Bọ́ọ̀lù Tí Emeric Jù

14, Òpópónà Magnolia,
Pont Landry,
Louisiana.
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, ọdún 2017.

Harlan ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Babineaux,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Báwo ni òtútù ibẹ̀ yẹn? Mo mọ̀ pé wàá ní òtútù ti lọ, ṣùgbọ́n èmi ò gba ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ní oṣù Kẹrin gbọ́. Marguerite ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀? Odile ìyàwó mi ní kí n sọ fún un pé kó má gun àkàbà mọ́, ohun yòówù tó bá fẹ́ nù lókè, kó fi í sílẹ̀ kó dọ̀tí. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ajá rẹ arúgbó yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì ń gbó ẹja? Apá rẹ náà ńkọ́? O kì í fẹ́ kí n béèrè, mo sì máa ń dákẹ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo béèrè. Nígbà tí ẹ wá ní Kérésìmesì, mo rí i pé ọwọ́ òsì lo ṣì fi ń ya irun.

Àwa wà. Odile ti gbin tòmátì àti ilá, ilá ti ń so. Ara mi le. Inú ló ń bí mi, ó sì ti ń bí mi láti oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá. O fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Ajé, o ní, "Wendell, ẹ dé ibẹ̀ níkẹyìn! Dá mi lóhùn, àgbàlagbà!" Mi ò dáhùn. Ìwé yìí ni ìdáhùn náà. Mo kọ ọ́ nítorí pé bó bá jẹ́ orí fóònù ni, mi ò ní lè sọ ọ́ dé òpin.

O kò tíì pàdé Royce Castille, kóòṣì àgbà ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù kọ́lẹ́jì wa, ọ̀gá èmi tí mò ń kọ́ àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó ń fi igi gbá a. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni, bàtà rẹ̀ kì í ní ẹrẹ̀, Bàbá Wendell ló sì ń pè mí níwájú gbogbo èèyàn. Ní oṣù Kẹwàá yẹn ló lẹ ìwé àwọn tí a máa bá gbá mọ́ ara ògiri. Harlan, nígbà tí mo kà á, mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Líìgì wa ń gba ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú lọ́wọ́ wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí àwa àti àwọn kọ́lẹ́jì àdúgbò fi máa ń ṣeré, tí àwọn ọmọ tí apá wọn kò tíì gbó fi máa ń kọ́ṣẹ́, Royce ti kó àwọn yunifásítì ńláńlá sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nílé wọn ni gbogbo rẹ̀, kò sí ọ̀kan tó ń bọ̀ wá bá wa.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Mo ní, "Royce, ta ló máa ju bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

Ó ní, "Bàbá Wendell, ajubọ́ọ̀lù mẹ́rìnlá la ní."

Mo ní, "Orúkọ mẹ́rìnlá la ní. Ajubọ́ọ̀lù mẹ́ta la ní."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ṣá! Ọdún 2014 tí mi ò tíì dé ńkọ́? Ìgbà mọ́kànlélógójì lẹ borí lọ́dún yẹn, ta ló pè yín? Àwọn tí ẹ nà kò tó nǹkan, ìgbìmọ̀ tó ń yan ẹgbẹ́ fún ìdíje orílẹ̀-èdè fojú fò yín bí ẹni pé ẹ ò gbá rárá. Kì í ṣe iye tí èèyàn nà ni wọ́n ń kà, ẹni tó nà ni wọ́n ń wò. Àbí ó tún wù yín láti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Ibi tó ń dùn mí gan-an ló tẹ̀. O rántí ọjọ́ náà, ìwọ ni mo pè láti ibi tí a ń páàkì mọ́tò sí, tí mi ò lè sọ ju "Wọn ò pè wá" lọ. Ìgbà méjìlélógún ni mo ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ní gbọ̀ngàn kọ́lẹ́jì wa ní òpin oṣù Karùn-ún, tí mò ń retí pé kí wọ́n dárúkọ wa mọ́ ẹgbẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tó ń lọ sí ìdíje orílẹ̀-èdè. Nítorí náà mo jẹ́ kí ìwé rẹ̀ dúró. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni pé èmi ni màá máa ka iye bọ́ọ̀lù tí ajubọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan bá jù, bí mo bá sì ní ó tó, ọmọ náà máa jáde láìsí àríyànjiyàn. Royce bọ̀ mí lọ́wọ́ lé e lórí.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wọ bọ́ọ̀sì kiri nìyẹn. Wákàtí mẹ́fà lọ, wákàtí mẹ́fà bọ̀, kí àwọn ọmọ tún wọ kíláàsì lọ́jọ́ kejì. Ẹgbàárùn-ún èèyàn ló ń dúró dè wá níbẹ̀, ẹnu wọn ò sì dáa. Níbì kan, wọ́n ti lọ wá orúkọ ìyá Emeric Batiste jáde kí a tó dé. Emeric ni ajubọ́ọ̀lù wa tó dára jù, òun ló ń ṣí ìdíje lọ́jọ́ Ẹtì. Bó ṣe gun orí òkìtì tí ajubọ́ọ̀lù ń dúró lé láti yọ wá nínú wàhálà kan báyìí, gbogbo pápá figbe bọnu: "Lorraine! Lorraine! Wá mú ọmọ ẹ lọ sílé!" Lorraine fúnra rẹ̀ wà níjókòó, ó ti wa mọ́tò láti Bois Vert ìlú wọn lẹ́yìn tó gbé àwọn ọmọ dé iléèwé tán láàárọ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ń wà. Ó dìde, ó juwọ́ sí wọn bí ayaba. Ó ní fún mi lẹ́yìn náà pé, "Kóòṣì, ó kéré tán wọ́n pe orúkọ mi dáadáa. Ní ọ́fíìsì owó orí, Loretta ni wọ́n ń pè mí."

Wọ́n nà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlá. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé bí wọ́n ṣe ń nà wá ni Royce ń yọ̀. Ó ní pátákó kan ní ọ́fíìsì tó ń kọ ipò wa sí: bí àwọn tí a bá gbá ṣe le tó, nínú gbogbo kọ́lẹ́jì tó wà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á fi mẹ́sàn-án sí òdo nà wá, a ó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì bí òkú, tó bá di òwúrọ̀ ó ti ń nu nọ́ńbà àná kúrò tó ń kọ tuntun. Ìkọkànlélógún. Ìkẹtàlá. Ìkeje. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ fún nínà rí.

Nígbà tí oṣù Kẹta fi máa parí, èjìká Kolby Huval, ọlọ́wọ́ òsì wa tó ń ju ti Àbámẹ́ta, ti wú. Wọ́n ní kó sinmi títí di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ ọdún àkọ́kọ́ tó ń ju ti Àìkú, ọkàn rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ̀ kí apá rẹ̀ tó rẹ̀, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò mọ ojú ibi tó ń lọ mọ́. Bí ẹrù náà ṣe di ti Emeric nìkan nìyẹn. Á ju ti Ẹtì, á sì tún bọ̀ wá gba abala méjì tó kẹ́yìn nínú mẹ́sàn-án lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, ẹ̀pà sísè ló ń bó jẹ lórí bẹ́ǹṣì, bí o bá bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́, á na ẹ̀pà sí ọ. Oṣù Kẹfà tó ń bọ̀ yìí ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ń sanwó fẹ́ mú un. Àwọn aṣojú wọn ti ń wá láti oṣù Kejì, wọ́n á jókòó lẹ́yìn àwọ̀n pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yára tó. Lorraine ti bẹ̀rẹ̀ sí wo àwòrán ilé tí kò ní jò.

Àsìkò ìdíje líìgì wa dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́rú, Emeric ju bọ́ọ̀lù mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, a borí. Ó yẹ kí apá yẹn sinmi ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Àbámẹ́ta, ẹgbẹ́ tó le jù ní líìgì la bá pàdé. Royce ti ṣírò rẹ̀ pé bí a bá na àwọn yìí, ìgbìmọ̀ kò ní rí ọ̀nà tí wọ́n máa fi yọ wá sílẹ̀. Ní abala karùn-ún, a fi ayò kan ṣoṣo jù wọ́n lọ, kò sì sí ẹni tí a lè gbé bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́ mọ́. Mo wo bẹ́ǹṣì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ náà ń wo bàtà wọn. Emeric ló dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára, ó ní, "Kóòṣì, ẹ gbé e wá." Royce ní ogójì bọ́ọ̀lù péré, kò gbọdọ̀ lé ẹyọ kan.

Ó jù dé òpin. Abala kẹsàn-án, ó ku ẹni kan ṣoṣo tí a ní láti lé jáde, ó ju ọ̀kan, ó sì wá dúró, ó ń wo àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni wọ́n. Èyí tó jù tẹ̀ lé e rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tó ń gbá fi kánjú, ó gbá a mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ wa sì gbà á. A borí. Gbogbo ẹgbẹ́ sáré gun òkìtì, wọ́n ń fò mọ́ra wọn. Emeric rìn gba àárín wọn kọjá, ó di ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú. Iṣan ibẹ̀ ti já pátápátá. Iṣẹ́ abẹ ni, ọdún kan ààbọ̀ ó kéré tán kó tó lè ju nǹkan, bó bá tún jù ú bíi ti tẹ́lẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ Àìkú, aṣojú ẹyọ kan kò tíì pè é.

Lọ́jọ́ Ajé a kó jọ sí gbọ̀ngàn. Wọ́n ti se edé odò sínú ìkòkò ńlá, pẹ̀lú àgbàdo àti ànàmọ́ funfun, ata rẹ̀ ń ta wá nímú láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n dárúkọ wa. Àga ṣubú, ọtí dànù, Odile dì mọ́ mi tó ń sunkún. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní bí àwọn tí a bá gbá ṣe le tó ló gbé wa wọlé. Royce gun orí tábìlì. "Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?" Emeric ò lè pàtẹ́wọ́ nítorí apá tó gbé kọ́rùn, ó ń fi ọwọ́ òsì gbá itan ara rẹ̀. Ó sún mọ́ mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, Kóòṣì. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀."

Mo jáde. Royce wá bá mi lẹ́bàá mọ́tò, mo rò pé ó fẹ́ yangàn ni. Ẹkún ló ń sun, Harlan. Ó ní, "Bàbá Wendell, ogójì péré ni! Ogójì péré lẹ kà fún mi. Báwo ni iṣan ṣe ń já sórí ogójì?"

Mo ní, "Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ni."

Ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n báyìí. Ìgbà mẹ́fà ló bi mí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn. Ó dé ẹ̀gbẹ́ mi lẹ́yìn abala karùn-ún, "Mélòó?" Mo ní mẹ́rìnlá, òótọ́ ni. Lẹ́yìn ìkẹfà, ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń kà á lọ́wọ́ mi wà lórí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo wo bẹ́ǹṣì, mo rántí 2014, mo ní mẹ́tàlélógún. Kí n tó mọ̀ ló ti jáde lẹ́nu mi. Lẹ́yìn ìkeje, méjìléláàádọ́ta, mo ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn ìkẹjọ, àádọ́rin, mo ní méjìdínlógójì. Ní ìkẹsàn-án ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì, èsì kan náà ni mo fún un: "Ogójì géérégé." Ó ní, "Ó dáa, ẹni kan ló kù." Kò sí ẹlòmíràn tó ń kà. Ọmọbìnrin tó máa ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà wà níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bọ́ọ̀lù méjìdínláàádọ́rùn-ún ni Emeric jù. Nọ́ńbà yẹn ṣì wà lórí ẹ̀rọ náà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mi ò lè tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo.

Mo ti fi gbogbo ìwé yìí bú Royce, ó sì tọ́ sí díẹ̀ nínú rẹ̀. Òun ló kó wa dé etí odò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ló ti ọmọ náà sínú rẹ̀.

Lọ́la ni bọ́ọ̀sì ń gbéra. Ẹgbẹ́ tó wà nípò kejì lórílẹ̀-èdè ni wọ́n fi wá bọ̀ lẹ́nu lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ ọdún àkọ́kọ́ yẹn ló sì máa ṣí i, Ọlọ́run ló mọ bí wọ́n ṣe máa nà á. Mi ò bá wọn lọ. Mo ti kọ ìwé fún Royce, iye gidi wà nínú rẹ̀. Bois Vert ni mò ń lọ, kí Lorraine tó jáde lọ wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ. Ẹ̀rọ náà ni màá gbé síwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

Bá mi kí Marguerite àti àwọn ọmọ. Odile kí yín, kò tíì mọ nǹkan kan, má pè é kí n tó sọ fún un fúnra mi. Bí o kò bá fẹ́ kọ̀wé padà, mi ò ní bi ọ́ léèrè ìdí. Ní 1978, lẹ́yìn tí Kóòṣì Prejean lò ọ́ nínú ìdíje méjì lọ́jọ́ kan, o lọ bi í ní iye tí o jù, ó ní òun ò kà á. Ọdún mọ́kàndínlógójì lo ti fi ń sọ fún mi pé ká ní ẹnì kan kà á ni, apá rẹ ì bá ṣì wà.

Èmi kà á, Harlan.

Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì ń gbà mí,

Wendell Arceneaux