Ta Ni Ará Abà Wa?

Bàbá mi tí kì í sùn láìbèèrè bóyá ilé pé,

Mo dé abà lánàá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ló gbé mi lọ. Ní ọ́fíìsì wa ní Àbẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún abúlé kan lọ́nà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ni mo bá dárúkọ abà wa. Ọ̀gá mi wá bi mí pé níbo ló wà, èèyàn mélòó ló sì ń gbé ibẹ̀.

Mo wo máàpù orí fóònù, igbó lásán ni mo rí. Bí ẹ ṣe máa ń júwe rẹ̀ ni pé kí èèyàn kúrò lórí títì Àkúrẹ́, kó gba ọ̀nà oko kòkó, kó sọdá odò kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kó wá máa lọ títí yóò fi gbọ́ ikọ́ yín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ikọ́ yín fún ọ̀gá?

Mo lọ fúnra mi. Nígbà tí ikọ́ yín ti bá yín lọ sọ́run, mo ṣìnà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé yín ṣì wà, ewúrẹ́ ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, èéfín ń jáde nílé àwọn aládùúgbò. Mo rò pé kíkà nìkan ló kù. Màmá Tọ́lá tó múlé gbè yín sọ pé Ìpetu nilé òun, oko lòun wá, bẹ́ẹ̀ abà ló ti ń sùn kí ẹ tó bí mi. Ó tún bá mi wí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ̀gbìrà tó ń mójú tó kòkó yín sọ pé Òkénè nilé tòun. Àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń ru omi odò bọ̀, omi náà pọ́n. Bí abà kò bá ní ará, ibòmíràn ni kànga yóò bọ́ sí.

Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wọn. Gbogbo ọjọ́ ayé yín lẹ fi gbé ibẹ̀, bí wọ́n bá sì bi yín, ẹ máa ń ní ẹ kàn yà sóko ni. Ta ló ń yà sóko tó ń bímọ mẹ́fà síbẹ̀? Àbí ẹ ń sá kí wọ́n má pè yín ní ará oko ni?

Ọmọbìnrin Ẹ̀gbìrà yẹn ni mo bi kẹ́yìn. Ó sọ korobá kalẹ̀, ó wò mí tìyanu-tìyanu.

“Ibí nilé mi. Ẹ̀yin ńkọ́, àǹtí?”

Ìpetu ti dé ètè mi kí n tó rí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé tí ẹ ní ẹ sin ìwọ́ mi sí. Ó ṣì ń so. Mo ní ibí ni tèmi náà. Abẹ́ igi yẹn ni mo dúró sí, tí mo fi àmì sí máàpù.

Lọ́la, gbogbo ẹni tó ń dáná níbẹ̀ ni màá kà fún ọ̀gá, wọn ì báà kọ̀. Mi ò ní ka ara mi, torí Ọ̀fàtẹ̀dó ni mò ń sùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún bèèrè lálẹ́ bóyá ilé pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé mi.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
ará oko.