Akoto Tó Wà Nínú Àpótí Ìyá Mi

Ìyá mi ní Kambolé,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú àdúrà. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá. Ẹ bá mi kí àbúrò yín, Ìyá Komah, tó ń tajà ní Sokodé. Èmi wà láàyè, àlùhàmúdù lílàhì, ṣùgbọ́n òtútù Faransé yìí ò mojú ẹnì kankan. Láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ èdè wa. Èmi nìkan ni mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ nídìí ìkòkò.

Ìyá mi, ẹ jókòó ná. Ibi tí mo ti ń gbálẹ̀ báyìí, akoto ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kásíkì àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú ogun. Háà! Orí ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wọn akoto kan fún, ẹlòmíràn ò lè yá a dé. Gíláàsì iwájú rẹ̀ ń fi han awakọ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, bó ṣe ga tó, ibi tí ọ̀tá wà. Síbẹ̀, ó fúyẹ́. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá yí bìrí lókè, orí á wúwo bíi ká ru iṣu láti Bago wálé, ọrùn ò sì gbọdọ̀ ṣẹ́.

Lọ́jọ́ Àtàlátà, ọ̀gá kan gbé akoto tuntun tó ń dán sílẹ̀, ó sì ju irin lù ú. Gbàù! Mo figbe ta. Mo rò pé nǹkan ti ta lu orí ọkùnrin náà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ akoto nìyẹn, kó fọ́ dípò orí. Ó ní èyí tó bá ti gba irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ rí, wọn kì í dé e mọ́.

Lánàá ni mo wá pe Ìdírísù, àbúrò mi. Ó ní alùpùpù gbé òun ṣubú lọ́nà Tchamba nígbà tóun ń gbé èrò lọ, ìpàkọ́ òun sì ṣẹ̀jẹ̀. Ó tún ń rẹ́rìn-ín! Mo ní kásíkì alùpùpù tí mo rà fi ránṣẹ́ sí i ńkọ́? Ó ní ẹ ti fi aṣọ funfun wé e sínú àpótí yín, kí eruku má baà bà á jẹ́ títí dọjọ́ ìgbéyàwó òun. Wàláhì!

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Nílé wa, ohun tó bá dára, ọjọ́ ọdún là ń pa á mọ́ dè. Aṣọ tí mo rà fún yín pàápàá, ẹ ò tíì wọ̀ ọ́. Ẹ pa aṣọ mọ́, mi ò bá yín jà. Àmọ́ akoto yẹn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ gbé e jáde lónìí. Kí Ìdírísù dé e lọ sí Tchamba, kó dé e dé Kouloundè, kí eruku bò ó, kí ọ̀dà ara rẹ̀ bó. Bó bá fọ́, ẹ má sunkún, màá fi òmíràn ránṣẹ́. Ìdírísù ni mi ò ní rí òmíràn rà.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Kí ọjọ́ ìgbéyàwó náà bá akoto ní fífọ́, kó bá orí ọmọ yín ní pípé. Àmín.

Èmi ni ọmọ yín,
Àíṣátù