Agbẹ̀bí Òkà àti Ọkọ̀ Oníjòkòó Méjì: Ìgbésí Ayé Màmá Eunice Ìyátúndé Akínlọ́lá (1944–2025)

Ìwàrò-Òkà ní ilẹ̀ Àkókó ni a bí Màmá Eunice Ìyátúndé Akínlọ́lá sí, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá ọdún 1944. Bàbá wọn ni Olóògbé Zachariah Lábọ̀dé, àgbẹ̀ kòkó àti olùkọ́ Bíbélì ní ìjọ Áńgílíkà. Ìyá wọn ni Olóògbé Habeebat, ọmọ ilé ìmàle ní Ìkàrẹ́, tí ó fẹ́ onígbàgbọ́ ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí ààwẹ̀ kan ré òun kọjá títí ó fi kú. Ìyá bàbá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ayé sílẹ̀ ni wọ́n dé, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń jẹ́ Ìyátúndé. Àbúrò bàbá wọn, Olóògbé Ògúndèjì alágbẹ̀dẹ, tí kì í fi ọdún Ògún ṣeré, náà ń gbé inú agboolé kan náà. Ẹ̀sìn mẹ́ta lábẹ́ òrùlé kan, a kò sì gbọ́ pé wọ́n jà ju ọ̀rọ̀ ẹran ọdún lọ.

Ní ọdún 1951 ni bàbá wọn fi wọ́n sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ. Bàbá fẹ́ kí wọ́n ṣe olùkọ́. Àmọ́ ní 1958, àbúrò ìyá wọn kan rọbí ní Òkà, ọmọ náà dábùú nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láti máa gbé e lọ sí Ìkàrẹ́. Wọn kò tíì sọ̀kalẹ̀ òkè tán tí obìnrin náà fi kú, tòun tọmọ. Màmá, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló ń ti kẹ̀kẹ́ náà lẹ́yìn. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti sọ fún bàbá wọn pé agbẹ̀bí ni àwọn yóò ṣe. Wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ náà ní Adó-Èkìtì ní 1963, wọ́n sì padà sí ilé ìgbẹ̀bí kékeré tó wà ní Ìwàrò-Òkà ní 1967.

Ní ọdún 1969, wọ́n fẹ́ Olóògbé Jesse Akínlọ́lá, olùkọ́ ìṣirò, ọmọ Afìn-Àkókó. Ọlọ́run fi ọmọbìnrin kan, Tèmítáyọ̀, ta wọ́n lọ́rẹ ní 1971. Bàbá Jesse kò pẹ́ láyé. Àìsàn ẹ̀dọ̀ mú wọn lọ ní 1976. Màmá kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Àwọn tó wá tọrọ wọn kò kéré, ṣùgbọ́n èsì kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo wọn, pé ilé ìgbẹ̀bí kì í ti ilẹ̀kùn, kò sì sí ọkọ tí yóò fara mọ́ ọn.

A kò lè sọ̀rọ̀ Màmá kí a má sọ̀rọ̀ ọkọ̀ wọn. MG Midget ni, aláwọ̀ ewé tó dúdú díẹ̀, tí wọ́n ṣe ní ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1966. Ọ̀gbẹ́ni Harding, òyìnbó tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Ìkàrẹ́, ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá. Màmá ló gbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti dójú ikú, nígbà tí òyìnbó sì ń padà sí ìlú rẹ̀ ní 1973, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà lé Màmá lọ́wọ́. Ọkọ̀ eré ìje ni. Ó fi ikùn lélẹ̀ bí aláǹgbá, wáyà ni wọ́n fi hun rímù táyà rẹ̀ bíi ti kẹ̀kẹ́, aṣọ ni òrùlé rẹ̀, ìjòkòó méjì péré ló sì ní. Bàbá Jesse yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Eunice, ọkọ̀ yìí ò gba ẹran ọdún, ká má tíì sọ ti ẹbí."

Ògúndèjì ní a kò gbọ́dọ̀ wa irin tuntun láìjẹ́ pé Ògún tọ́ epo wò. Pásítọ̀ ní òróró ìyàsímímọ́ ló tọ́ sí i. Màmá ní kí Bàbá Ògúndèjì da tiwọn sórí òkúta, kí pásítọ̀ da tiwọn sórí kọ́kọ́rọ́, kí ẹnikẹ́ni má da nǹkan kan sórí ọ̀dà òun. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí ẹnìkan bá rọbí ní Epinmi, Màmá ti tan ọkọ̀. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ láti Òkè-Àgbè pé ọmọ ò fẹ́ wá, wọ́n ti ń bọ̀. Ìjòkòó kan jẹ́ ti Màmá, ìkejì jẹ́ ti aboyún. Kò sí àyè fún ọkọ. Ó di kí bàbá ọmọ máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn, kí ó sì bá ọmọ tí wọ́n ti wẹ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo Òkà fi ń pe ọkọ̀ náà ní Kògbọkọ. Àwọn àgbà ọkùnrin tó wà níjòkòó níbí lónìí, tí wọ́n ti rin ọ̀nà yẹn rí, mọ ara wọn. Ọmọ kan tilẹ̀ wà tí kò dúró de ilé ìgbẹ̀bí. Ní 1977, inú ọkọ̀ náà gan-an ni wọ́n bí i sí, ní kọ́nà orí Òkè Òkà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Adéṣínà.

Ẹnìkan wà tí kò nífẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yìí. Ẹni náà ni Tèmítáyọ̀, ọmọ tí Màmá bí. Gbogbo ìgbà tí ó bá jókòó nínú rẹ̀ ni ẹnìkan á sáré dé, tí Màmá á sì ní kí ó sọ̀kalẹ̀ fún aboyún. Èyí tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ ni ti 1981. Ó ṣe ipò kìíní nínú ìdíje kíka Bíbélì sórí tí àwọn ìjọ Àkókó ṣe, wọ́n sì fẹ́ fún un lẹ́bùn ní Ìkàrẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ó ti wọ bàtà funfun, ó ti jókòó, Màmá ti tan ọkọ̀, nígbà tí ọkùnrin kan já dé láti Epinmi, tó ń ké pe Màmá pé, "Iye, ẹ gbà mí o, ìyàwó mi ń kú lọ!" Màmá wo ọmọ wọn, wọ́n ní, "Táyọ̀, sọ̀kalẹ̀." Ó sọ̀kalẹ̀. Ó wọ lọ́rì lọ sí Ìkàrẹ́ fúnra rẹ̀, nígbà tó sì dé ibẹ̀, wọ́n ti ń to àga jọ.

Ìyàwó ará Epinmi yè, ọmọ rẹ̀ sì yè. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Màmá ṣe ohun tí kò yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò dun Tèmítáyọ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ pé ọmọ gbogbo ayé ló ní ìyá, pé àlejò ni òun. Nígbà tó parí yunifásítì, ó lọ jókòó sí Kàdúná, ó ṣiṣẹ́, ó bímọ, ó sì jẹ́ kí ọ̀nà ilé jìn. Ó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí Màmá déédéé. Ara rẹ̀ ni kì í mú wá.

Ọkọ̀ náà dákẹ́ ní 1991. Ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́. Wọ́n tì í sẹ́yìn ilé lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, adìẹ sì ń yé sórí ìjòkòó. Màmá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní 1999, ṣùgbọ́n àwọn abiyamọ kò fẹ̀yìn tì lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n jẹ́ ìyá ìjọ, wọ́n jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn ìyá, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọge ní ìtọ́jú oyún ní gbọ̀ngàn ìjọ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ní 2018, nígbà tí Màmá lọ sí ìpàdé ní Òkè-Àgbè, àwọn kan nínú ẹbí, tí a kò ní dárúkọ nítorí pé iwájú ni wọ́n jókòó sí lónìí, pe àwọn tó ń ra irin àlòkù pé kí wọ́n wá gbé Kògbọkọ. Wọ́n ti gbé ìdajì rẹ̀ sórí ọkọ̀ akẹ́rù nígbà tí Màmá dé. Màmá gun ọkọ̀ akẹ́rù náà, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, wọ́n jókòó sínú Kògbọkọ láàárín ìdọ̀tí adìẹ, wọ́n ní, "Ó yá, ẹ gbé èmi náà pọ̀ mọ́ ọn." Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ kíákíá.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá ránṣẹ́ pe Adéṣínà, ọmọ tí a bí sí kọ́nà, tó ti di panẹbítà ní Ìkàrẹ́. Adéṣínà wo ọkọ̀ náà, ó ní, "Iye, ẹ jẹ́ ká bá yín wá Kòròlá kan tó ṣe é wà. Kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?" Màmá dá a lóhùn pé, "Mo ti ní kí ọmọ mi kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí rí. Mo fẹ́ gbé e dé ibi tó ń lọ." Ọjọ́ yẹn náà ni Adéṣínà gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wá.

Ọdún márùn-ún ni iṣẹ́ náà gbà. Wọ́n gé ìsàlẹ̀ tó ti jẹrà kúrò, wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ọmọ Tèmítáyọ̀, Gift, tó ń kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń wá àwọn rọ́bà bíréèkì, gáskẹ́ẹ̀tì àti kábúrétọ̀ méjèèjì ránṣẹ́, kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́. Ìyáàfin Hafsoh, tó ń rán ìjòkòó ọkọ̀ ní Ìkàrẹ́, rán awọ àti òrùlé rẹ̀. Adéṣínà ṣe àṣìṣe kan. Ó gbọ́ pé ọkọ̀ eré ìje ni, ó sì kùn ún ní pupa fòò kí ó lè dùn mọ́ Màmá. Nígbà tí Màmá rí i, wọ́n ní kí ó ha á kúrò, nítorí pé aláwọ̀ ewé ni Táyọ̀ ti sọ̀kalẹ̀. Ó ha á. Ẹ́ńjìnnì náà dáhùn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àwọn mẹkáníìkì tó wà lágbègbè sì pa iṣẹ́ tì, wọ́n wá ń wò ó.

Gift ló fi ẹ̀bẹ̀ mú ìyá rẹ̀ wálé ní Kérésìmesì ọdún yẹn. Màmá fẹ́ fúnra wọn wa ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n orúnkún òsì wọn kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ nínú ọgbà, ọkọ̀ ta kíjí, ó kú. Wọ́n tún un ṣe, ó tún kú. Màmá sunkún níbẹ̀, lójú gbogbo wa. Tèmítáyọ̀, tó ti ní òun kò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn, ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn. Báyìí ni obìnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, tó ń lo awò ojú, ṣe gbé ìyá rẹ̀ sí ìjòkòó kejì, tí wọ́n sì dorí kọ Ìkàrẹ́ láti lọ wo gbọ̀ngàn tí wọ́n ti to àga jọ ní 1981.

Wọn kò débẹ̀. Lórí Òkè Òkà, wọ́n bá ọ̀kadà kan tí táyà rẹ̀ ti jò, ọkùnrin kan dúró tì í, aboyún sì dì mọ́ òkúta, ó ń kérora. Tèmítáyọ̀ dúró. Màmá di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, wọ́n tẹjú mọ́ ọ̀nà, nítorí pé wọ́n ti búra pé lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò ní dá ìrìn ọmọ àwọn dúró. Tèmítáyọ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ sọ̀kalẹ̀."

Màmá sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan ikùn obìnrin náà, wọ́n ní ọmọ ò ní pẹ́ dé, kí Táyọ̀ máa sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọkọ̀ gbéra. Ọkọ obìnrin náà ń sá tẹ̀lé e, Màmá sì ń ké pè é láti orí òkúta tí wọ́n jókòó sí pé, "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, rọra rìn! Àwọn tó ṣáájú rẹ náà rìn ín." Tèmítáyọ̀ kò kúrò ní ilé ìwòsàn títí obìnrin náà fi bí ọmọbìnrin kan láyọ̀. Lẹ́yìn náà ló padà wá bá ìyá rẹ̀, ó jókòó tì wọ́n lórí òkúta. Ó ní, "Màámi, ọwọ́ mi ò tíì dẹ́kun gbígbọ̀n." Màmá ní, "Tèmi náà ò dẹ́kun rí. Má bínú, ọmọ mi." Wọ́n sunkún títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yí ọkọ̀ padà sílé.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Tèmítáyọ̀ fi Kàdúná sílẹ̀, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ Màmá ní Òkà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Màmá wà, orí wọn wà láyà rẹ̀, nígbà tí wọ́n sùn nínú Olúwa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì ọdún 2025, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ó dùn wá. Ẹni bá ní wọ́n ti dàgbà, kí a má sunkún, kò mọ irú èèyàn tí a pàdánù.

Màmá fi àbúrò wọn sílẹ̀, Àlàájà Safinat, àti àwọn ọmọ-ọmọ, Gift àti Tósìn. Ohun tí a kọ́kọ́ kọ tẹ̀lé e ni pé wọ́n fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀. Tèmítáyọ̀ ka ìwé yìí kí a tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ó fi bírò fa igi sí ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì ní báyìí ni kí a ṣe kọ ọ́: Màmá Eunice Ìyátúndé Akínlọ́lá fi ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tán sílẹ̀, láti Òkà dé Ìkàrẹ́, láti Epinmi dé Òkè-Àgbè. Tèmítáyọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ sùn ire, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́ o.