Ikùn Ọmọ Ẹṣin Bàbá Rẹ

Ọ̀rányàn, Ìbàdàn.

Jàmíù, Àkànní ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àbújá? Ṣé oòrùn ibẹ̀ kò pa ọ́ jù? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ fún wa. N kò pè ọ́ lórí fóònù nítorí owó ìpè á ti tán lórí ìkíni kí n tó débi ọ̀rọ̀. Gbogbo ará ilé ń kí ọ, títí kan ọmọ ẹṣin tí abo ẹṣin bàbá rẹ bí kí bàbá tó fi ayé sílẹ̀, òun gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé.

Ṣé o rántí pé mo ní ikùn rẹ̀ ti yọ rọ̀gọ̀dọ̀? Inú mi ń dùn, mo ń fi yangàn dé Pópó Yemọja pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ẹṣin. Àfi bí eegun ìhà rẹ̀ ṣe ń yọ síta, tí irun rẹ̀ kò dán mọ́, tó sì ń wúkọ́. Mo bá rò ó pé ẹni tó yó kì í rù, mo ránṣẹ́ pe Dókítà Ọpẹ́yẹmí, obìnrin tó ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn. Kò wo ẹnu ẹṣin, ìgbẹ́ rẹ̀ ló bù sínú ọ̀rá lọ. Nígbà tó padà dé, ó ní ẹyin aràn ló kún inú rẹ̀, pé ibi tí mo ń da koríko sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbẹ́ ló ti ń kó o jẹ, àti pé ẹyin náà lè wà nínú iyẹ̀pẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìkú. Jàmíù, irú ẹyin wo nìyẹn? Ti adìyẹ wa kì í pẹ́ tó fi ń bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹyin yìí kò jẹ́ kí n sinmi. Mo ya fọ́tò ìgbẹ́ náà, mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù bí ẹ ṣe máa ń fẹ ojú èèyàn, mo fẹ̀ ẹ́ títí, koríko nìkan ni mo rí. Dátà mi ni kò tó, nítorí ohun tó kéré tóyẹn á gba dátà ńlá. Jọ̀wọ́, ra èyí tó lágbára fún mi.

Dókítà ní òun kò ní lo oògùn líle, pé bí gbogbo aràn náà bá kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè dí ìfun rẹ̀ pa. Ó fún un ní èyí tó rọra ń ṣiṣẹ́. Mo bi í pé ṣé aràn kò mọ̀ pé bí ẹṣin bá kú, ilé tàwọn náà wó ni. Ó ní wọn kò mọ̀. Mo jókòó ti ọmọ ẹṣin yìí láti ìgbà ìrun Àsùbá. Ẹ̀rù bà mí, Àkànní, nítorí òun ni ohun tí bàbá rẹ fọwọ́ pa lórí kẹ́yìn. Nígbà tó di ọ̀sán, ó yàgbẹ́, aràn funfun gígùn lọ́ pọ̀ mọ́ra níbẹ̀ bí okùn. Mo sunkún ayọ̀ níwájú ìgbẹ́, àwọn ará ilé rò pé orí mi ti yí. Ó ti ń jẹun dáadáa báyìí, inú agbọ̀n tí mo gbé kọ́ ni mo sì ń kó koríko rẹ̀ sí.

Ó ku ohun kan. Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i pé ikùn rẹ ti yọ. Mo ti gbé fóònù kiri àdúgbò, mo ní Àbújá bá ọmọ mi lára mu. Ní báyìí ọkàn mi kò balẹ̀. Mo fi han Dókítà Ọpẹ́yẹmí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹṣin lòun ń tọ́jú. Nítorí náà, bu díẹ̀ sínú ọ̀rá, gbé e lọ sí ọsibítù, má tijú. Kí o sì fi owó oògùn ẹlẹ́ẹ̀kejì fún ẹṣin náà ránṣẹ́, Dókítà ní ó ku àwọn aràn kéékèèké.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká máa yọ̀ mọ́ ohun tó ń jẹ wá nínú. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àṣàkẹ́.