Àwọn Orin Tí Abba Kò Fẹ́ Nínú Ìwé Rẹ̀

Ajé, 1 Oṣù Kẹfà, 1981

A gbé Abba, bàbá mi, dé láti ọsíbítù lánàá. Apá ọ̀tún ti rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́lẹ̀. Ojú ń ríran, etí ń gbọ́ràn. Ọ̀rọ̀ ni kò sí. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù: "Rárá." Mo bi í bóyá kí n gbé tíì wá – rárá. Mo gbé e wá, ó mu ún tán. Ọkùnrin tó fi ogójì ọdún kọ ewì lédè Urdu, tí gbogbo Bombay mọ̀ sí Shabgir.

Mo gba obìnrin Marathi kan, Shantabai, kó máa tọ́jú rẹ̀ nígbà tí mo bá lọ kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Kò mọ̀wé. Ó ń pè mí ní Tíṣà, ó ń pe Abba ní Bàbá.

Ọjọ́rú, 3

Ọ̀jọ̀gbọ́n Iftikhar dé láti Lucknow. Ọ̀gá Bọ́tìnnì ni mo ń pè é níbí – kóòtù gígùn, bọ́tìnnì dé ọrùn, nínú ooru yìí. Òun ló ń ṣètò ìwé tí yóò kó gbogbo ewì Abba jọ. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni Abba fún un lóṣù kìn-ín-ní: orin fíìmù kankan kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Orin tó kọ fún fíìmù lé ní igba. Orin oúnjẹ ló ń pè wọ́n. Òun ló fi rán mi níléèwé, kò sì jẹ́ kí rédíò wọ ilé yìí. Ìyá mi, nígbà ayé rẹ̀, a máa lọ gbọ́ wọn ní yàrá aládùúgbò.

Ẹtì, 5

Òjò bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tuntun.

Àbámẹ́ta, 6

Shantabai ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, ó ń kọrin. Orin fíìmù àtijọ́ kan, èyí tí ìyá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún: *Òṣùpá, rọra kọjá* – Ó dánu dúró láti da òkúta nù. Abba parí rẹ̀ láti orí ibùsùn: *ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn*. Ketekete. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Shantabai ní ṣé mo rí i pé Bàbá náà mọ̀ ọ́n. Mo ní Bàbá ló kọ ọ́. Ó wò mí bí ẹni tí mo ń parọ́ fún.

Àìkú, 7

Dókítà Pestonjee – ọ̀rọ̀ obìnrin yìí kì í gùn – sọ pé ibi tí orin ń gbé nínú ọpọlọ yàtọ̀ sí ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé. Ká jẹ́ kó máa kọrin.

Mo mú ìwé ewì Abba kejì. Mo ka ìlà kìn-ín-ní ewì tó fi oṣù méje kọ, mo dúró kó parí rẹ̀. Kò sí. Mo gbìyànjú mẹ́ta mìíràn. Ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ń ka lẹ́tà onílẹ́tà fún. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo nù ún. Mo dá ìwé padà sí ààyè rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 9

Orin mọ́kànlá títí di òní. Ó ti ń fi wọ́n béèrè nǹkan. Òùngbẹ – orin òjò. Kí a ṣí fèrèsé – orin atukọ̀. Lánàá ó bẹ̀rẹ̀ orin nípa obìnrin kan tí ètè rẹ̀ pọ́n, mo wá gbogbo ilé, n kò mọ ohun tó ń fẹ́. Ewé paan ni, èyí tí wọ́n ń rún tí í sọ ètè di pupa. Shantabai ló tètè mọ̀. "Bàbá, eyín méjì yín ò kojú síra wọn mọ́, ewé lẹ tún fẹ́ rún." Abba fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín.

Ẹtì, 12

Ọ̀gá Bọ́tìnnì kó àwọn ojú ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún àyẹ̀wò wá. Abba fi orin oníjó kan kí i káàbọ̀. Ọ̀gá Bọ́tìnnì tẹ̀ lé mi lọ sílé ìdáná. Mo bi í bóyá àwọn orin lè wọ ìwé. Ó ní òun ti ṣèlérí fún Abba, ìlérí sì ni ìlérí. Mo ní ọjọ́ tí Abba ṣèkìlọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn wà lẹ́nu rẹ̀.

"Zakiya, akéwì ni mo wá tẹ̀wé fún. Èyí tí mo gbọ́ ní yàrá yẹn, rédíò ni."

Shantabai ń fọ abọ́, ó kọ̀yìn sí wa. Kò yíjú. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọmọ mi obìnrin fi ṣàìsàn kó tó kú. Orin òṣùpá ti Bàbá yẹn nìkan ló ń mú un sùn. Kò sí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ mi." Ó ń fọ abọ́ lọ.

Ọ̀gá Bọ́tìnnì gbàgbé ṣúgà, ó mu tíì bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n fún òun lésì kóṣù tó parí. Ilẹ̀kùn yàrá Abba ṣí sílẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn.

Àìkú, 14

Mo bi Abba. Ṣé kí àwọn orin wọ ìwé? Rárá. Ṣé kí n yọ wọ́n kúrò, nígbà náà? Rárá. Ẹ̀rín pa mí. Ọwọ́ mi ló kù sí.

Ọjọ́rú, 17

N kò tíì kọ̀wé sí Ọ̀gá Bọ́tìnnì ní Lucknow.

Àbámẹ́ta, 20

Kí n kọ́kọ́ kó wọn jọ ná. Abba kò tọ́jú ẹyọ kan. Mo rí mẹ́rin rà lọ́jà Chor Bazaar, nínú àwọn ìwé orin pélébé tí wọ́n máa ń tà lẹ́nu ọ̀nà sinimá. Èyí tó kù, Shantabai ń kọ ọ́ lórin, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ṣì í kọ, Abba á fi ọwọ́ òsì lu ibùsùn, á kọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Ìṣẹ́gun, 23

A dé orí orin òṣùpá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: *ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn*. Ó lu ibùsùn. Shantabai tún un kọ. Ó lu ibùsùn. Mo fi ìwé pélébé hàn án, mo ní bó ṣe wà níbẹ̀ nìyí. Abba dijú. Ó bẹ̀rẹ̀ orin náà látòkè, ó rọra ń bọ̀, ó dé ibẹ̀, ó dúró. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́: *ìyá ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn*.

N kò gbọ́ ọ rí. Kò sí nínú ìwé, kò sí nínú àwo orin. Shantabai nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó jáde sí bákónì, kò tètè wọlé.

Mo fagi lé ti tẹ́lẹ̀, mo kọ tuntun sórí rẹ̀. Abba gba bébà náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe máa ń yẹ ewì rẹ̀ wò kó tó jẹ́ kó jáde nílé. Ó fi ìka sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Èyí náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Lucknow nírọ̀lẹ́. Kò gùn. Mo ní àwọn orin yóò wọ ìwé, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tíì tẹ̀ ẹ́. Akéwì ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí wọn.