Ìran Tí Ọmọ Mi Kọ Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta tó ti di ọdún mẹ́fà. Mo kí bàbá àwọn ọmọ àti gbogbo ilé. Orúnkún mi ti fúyẹ́ díẹ̀, mo ṣì ń ránṣọ.

Ọmọbìnrin mi ti pé mẹ́rìnlá. Ó fẹ́ ká wá wo ìlú ńlá yín fún ọjọ́ méjì. Ó kọ gbogbo ibi tá a máa dé sílẹ̀: afárá gígùn, ọgbà ẹranko. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, “ìran” nìkan ló kọ.

Mo ní, “Ìran wo lo tún fẹ́ wò?”

Ó ní, “Ìran yín ni, Mọ́mì. Ilé ẹ̀gbọ́n yín.”

Mo wá bébà, mo sì jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ọlọ́run á jẹ́ ká bára wa láyọ̀. Ilẹ̀kùn tí mo fìbínú pa dé lọ́jọ́sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí i.

Àbúrò yín, olórí kunkun.