Èkù Tó Bá Ọwọ́ Diane Mu

Dásà, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án

Diane ọmọ mi,

Bí oòrùn ṣe ń yọ lórí àwọn òkè wa láìkọsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ọjọ́ rẹ máa yọ. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Kútọnu, mo sì kí ọ kú àárẹ̀ ẹsẹ̀, nítorí o sọ pé ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù yín yẹn ni yóò tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá a lọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o wá a dé ibi tí ejò sùn sí. Àlàáfíà ni a wà. Ìyá rẹ ń kí ọ, iṣu tuntun ti wọlé, ewúrẹ́ dúdú bí méjì, orúnkún mi sì ti ń gbà kí n gun òkè ẹ̀yìnkùlé díẹ̀díẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan láti bẹ̀ ọ́. Nígbà tí o ní o gba mẹ́rìnléláàádọ́rin, tí ẹnì kejì rẹ gba àádọ́rùn-ún, inú mi bàjẹ́ gidigidi. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi fún ọmọ ilé-ìwé ní máàkì, n kò rí ibi tí àádọ́rùn-ún ti ń sunkún tí mẹ́rìnléláàádọ́rin ń jó. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Arigbo, mo ní kí wọ́n ṣe míísà fún ọ kí Màríà Mímọ́ lè tù ọ́ nínú. Ìgbà tí ìyá rẹ pè ọ́ padà ló tó yé wa pé ẹni tó gba kékeré ló borí. Mo ti lọ tan àbẹ́là ọpẹ́, ṣùgbọ́n fadá ti ka orúkọ rẹ mọ́ ti àwọn tí ìbànújẹ́ bá. Má bínú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀pá. O ní orí dráyífà rẹ, ọ̀pá gígùn tí ẹ fi ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ṣì dára, ṣùgbọ́n èkù rẹ̀ ti ya, ìdíje sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Tuntun kan wà tó le gbagidi, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà sẹ́fà, ọ̀gá tó ń kọ́ yín ní kí o yá owó rà á. Àlòkù kan wà tó ń tẹ̀ díẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́ta, ọgbọ̀n ló sì wà lọ́wọ́ rẹ. O ní, Bàbá, èwo ni kí n mú? Diane, láti ìgbà tí o ti kúrò nílé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí o bi mí nìyẹn. N kò fẹ́ ṣì í dáhùn.

Mo ṣe ìwádìí. O ní kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ṣe èkù náà. Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì mọ̀ pé ohun tó wà nínú èédú nìyẹn, mo sì ń bẹ̀rù fún aṣọ funfun rẹ. Ìyá rẹ ní odindi àpò èédú kò tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún níbí, kí o wá mú un kí o gbẹ́ ẹ. O tún ní gíráàmù àádọ́ta ni ìwọ̀n rẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ràmọ́nù onísọ́ọ̀bù lọ́jà, ó wọn àádọ́ta fún mi lórí òṣùwọ̀n, àlùbọ́sà kékeré kan ni! Mo pariwo pé wọ́n fẹ́ rẹ́ ọmọ mi jẹ. Ràmọ́nù, tó ṣì ń pè mí bí ìgbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ní, Dìrẹ́tọ̀, ṣé ẹ rò pé iṣu ni ọmọ yín ń rà ni?

Mo wá lọ sí Tré, lọ́dọ̀ Séraphin tó ń gbẹ́ èkù ọkọ́. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kì í dá iye lé èkù kí oníbàárà tó fi ro poro kan nínú oko rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò yẹ àtẹ́lẹwọ́ ẹni náà wò. Ó ní èkù tó le jù ń fi ìrora ránṣẹ́ sí èjìká, àti pé bí èkù tó wọ́n bá dára fún ọ̀gá, kí ọ̀gá lọ fi ro oko tirẹ̀. Fún àlòkù, ó ní kí o fi òwú fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí òwú bá ti há, ibẹ̀ ló ti sán.

Bí mo ṣe ń bọ̀ wálé ni mo dúró nídìí àpáta tí o ti máa ń fi igi gbá ẹyìn ọ̀pẹ nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Igi mẹ́fà lo dánwò kí o tó rí ọ̀kan. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ níṣojú àwọn aládùúgbò, mo dá a lórí orúnkún, mo tì í bọ iná ọbẹ̀, mo ní ọmọ Dìrẹ́tọ̀ kì í ṣe ìpáǹle. O kò sunkún. O kàn ní, Bàbá, ìyẹn ló bá ọwọ́ mi mu. Ọdún méjìdínlógún rèé tí gbólóhùn yẹn ti ń dún létí mi, n kò sì tọrọ àforíjì rí. Mo tọrọ rẹ̀ lónìí. Nígbà tí mo rí ọ nínú fídíò tí o fi ránṣẹ́, tí bọ́ọ̀lù fò tí n kò rí i mọ́, mo dìde dúró níwájú tẹlifóònù, mo ṣí fìlà mi.

Ràmọ́nù ti bá mi fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù. Mo ní kó pín in sí mẹ́ta, kí ó má baà jẹ́ pé bí ọ̀kan bá já sílẹ̀ lójú ọ̀nà ní Bohicon, gbogbo rẹ̀ á lọ. Bí wọ́n bá pé, sọ fún mi. Owó oògùn ojú mi ni mo fi kún un, nítorí náà bí o bá rí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ kí oṣù tó parí, ìyá rẹ kò tíì mọ̀.

Ìdáhùn mi nìyí. Má yá owó. Gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá pẹ̀lú àlòkù yẹn kí o tó sanwó, sì fi òwú fà á. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ bá sọ nǹkan mìíràn, ọwọ́ rẹ ni kí o gbọ́, má gbọ́ tèmi. Èyí tó bá ọwọ́ rẹ mu ni kí o mú.

Kí ọwọ́ náà má rọ, kí ohun tó bá dì mú má dá mọ́ láéláé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ignace